Ẹsẹ̀ Ni Ká Máa Kà, Ẹ Fi Ọdún Sílẹ̀

Bàbá àgbẹ̀ kan ń bẹ ní ìpínlẹ̀ Iowa, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Chuck Grassley. Ọdún 1933 ni wọ́n bí i. Àgbàdo, ẹ̀wà sóyà àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi mọ ìpínlẹ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe fi kòkó mọ apá ọ̀dọ̀ wa láyé àwọn bàbá wa. Ó wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ní 1959, nígbà tí ó ku ọdún kan kí Nàìjíríà gba òmìnira. Ó wọ ilé aṣojú-ṣòfin ní Washington ní 1975. Ó di sẹ́nétọ̀ ní 1981, nígbà tí Bọ́lá Ìgè ń ṣe gómìnà Ọ̀yọ́, tí Ọ̀ṣun ṣì wà nínú ìpínlẹ̀ wa. Kò tíì kúrò níbẹ̀ láti ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n tún dìbò yàn án lẹ́ẹ̀kẹjọ ní 2022, ẹni ọdún 89 ni.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè kọ́kọ́ béèrè pé kí ló ń wá tó fi jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣé kò lọ́mọ ni? A ó padà sórí ìyẹn. Ohun tó mú wa dárúkọ bàbá náà ni ìrìn rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 99 ló wà ní Iowa. Láti ìgbà tó ti di sẹ́nétọ̀, ọdọọdún ló ń dé gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń jókòó kí àwọn èèyàn bi í ní ohun tó bá wà lọ́kàn wọn. Àwọn alátakò rẹ̀ ń ráhùn pé nígbà mìíràn, ilé iṣẹ́ tí kì í ṣe gbogbo ayé ló lè wọ̀ ló máa ń lọ, tí yóò sì kà á mọ́ ìrìn àjò náà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ó lọ sí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Fort Madison, àwọn ará ìlú sì pariwo mọ́ ọn lójú ara rẹ̀ nítorí ohun tí ìjọba Ààrẹ Trump ń ṣe. Ẹni ọdún 91 ni lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn débi tí wọ́n ti bú u.

Ẹkùn ìdìbò tiwa, Àárín Gbùngbùn Ọ̀yọ́, tí Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà Àrà wà nínú rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ 11 péré ni. Méje yòókù ni Olúyọ̀lé, Afijió, Atìbà, Ìlà-Oòrùn Ọ̀yọ́, Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀yọ́, Ògo-Olúwa àti Sùúrùlérè. Ẹni tó bá jí ní Mọníyà lówùúrọ̀ lè ti Ìyànà Ọ̀fà gba Ẹ̀gbẹ́dá dé Àkànràn kílẹ̀ tó ṣú, kó sì ráyè dúró jẹ àmàlà lọ́nà. Iye ìgbà tí sẹ́nétọ̀ kan ti dé abúlé yín tí kò sí ìbò lọ́la, tí kò sí òkú ẹni ńlá nílẹ̀, tí kò sí ìwúyè, kí oníkálukú fi ìka kà á. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní lo ìka ọwọ́ kan tán.

Láti 1999 tí ìjọba alágbádá ti padà, èèyàn márùn-ún ló ti jókòó lórí àga sẹ́nétọ̀ ẹkùn wa. Lékan Balógun ló kọ́kọ́ débẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ AD. Ọdún mẹ́rin ló lò. Nígbà tí wọ́n gorí ìtẹ́ Olúbàdàn ní 2022 ni ọ̀pọ̀ ọmọdé tó mọ orúkọ wọn, kí wọ́n tó wàjà ní 2024. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Téslìm Fọlárìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ayọ̀adé Adéṣeun ti ẹgbẹ́ ACN, láti 2011 sí 2015. Monsurat Sunmonu tẹ̀ lé e, obìnrin tó kọ́kọ́ jẹ́ olórí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọdún mẹ́rin ni òun náà lò l'Abùjá. Fọlárìn tún padà wá ní 2019. Yunus Akíntúndé ló wà níbẹ̀ láti 2023. Nínú àwọn márààrún, Fọlárìn nìkan ni wọ́n tíì dìbò yàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa sẹ́nétọ̀ tó pẹ́ ní agbègbè wa, òun la ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, yálà a fẹ́ràn rẹ̀ tàbí a kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ọdún 2003 ló wọlé. Ẹ rántí bí ìbò ọdún náà ṣe rí. Ẹgbẹ́ AD tó gba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ilẹ̀ wa ní 1999, Èkó nìkan ló ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Lám Adéṣínà kúrò ní ilé ìjọba, Ràṣídì Ládọjà wọlé, ẹgbẹ́ PDP sì gba Ìbàdàn pátápátá. Mọlété, ní ilé àgbà olóṣèlú Alhaji Lamidi Adédibú, ni wọ́n ti ń pín ipò nígbà náà, kò sì sí ẹni tó ń dìbò ní Ìbàdàn láyé ìgbà yẹn tí kò mọ̀. Fọlárìn jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin nígbà tó dé Abùjá. Ní 2007, wọ́n tún dá a padà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tó kàn wá gan-an ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, wọn kì í wo irun funfun mọ àgbà. Ẹni tó ti débẹ̀ ṣáájú ni àgbà, kó jẹ́ ọmọ ogójì ọdún. Òfin ilé náà fúnra rẹ̀ ló sọ pé àwọn tó ti wà níbẹ̀ rí ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò bí wọ́n bá fẹ́ pín ipò ńlá. Kò yẹ kí ìyẹn ṣòro fún ọmọ Ìbàdàn láti lóye, nítorí bí oyè tiwa náà ṣe rí nìyẹn. A kì í ti inú ìdílé bọ́ sórí ìtẹ́ Olúbàdàn. Mọ́gàjí ló ń di Jagun, Jagun ló ń gun àkàsọ̀ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yálà ní ọwọ́ Ọ̀tún tàbí ní ọwọ́ Balógun, títí tí orí fi ń ṣe é. Kò sí ẹni tó ń bọ́ sílẹ̀ lórí àkàsọ̀ náà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin kó tún lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Nítorí pé Fọlárìn wà ní ìgbà rẹ̀ kejì, wọ́n fi í ṣe Aṣíwájú ilé aṣòfin àgbà láti 2007 sí 2011. David Mark ni ààrẹ ilé náà nígbà náà, Ike Ekweremadu ni igbákejì, ẹni tó tẹ̀ lé wọn ni ọmọ Ìbàdàn yìí. Aṣíwájú ló ń gbé àbá òfin ìjọba wá síwájú ilé, òun ló ń tò ó bí iṣẹ́ ọjọ́ yóò ṣe lọ. Nígbà tí Ààrẹ Yar'Adua ń ṣàìsàn, tí orílẹ̀-èdè wà láìlólórí, tí ilé náà sì fi Goodluck Jonathan ṣe adelé ààrẹ ní ọjọ́ 9 oṣù kejì 2010, ọmọ ẹkùn tiwa ló wà lórí àga Aṣíwájú. Ìbò tí wọ́n kà ní Bádẹ̀kù àti ní Ẹ̀rúnmu wà lára ohun tó gbé e débẹ̀. Láti 1999 dòní, ìpínlẹ̀ mẹ́fà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù kò tíì mú ààrẹ ilé aṣòfin àgbà jáde rárá, nítorí náà, ipò tí a ń wí yìí kì í ṣe kékeré.

A wá fẹ́ béèrè: kí ni Lálúpọn ní Lágelú rí nínú rẹ̀?

A kò bi ìbéèrè yìí láti fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. A bi í nítorí pé kò sí ọjọ́ kankan nínú ọdún mẹ́rin náà, àti nínú ọdún méjìlá tí Fọlárìn lò lápapọ̀, àti nínú ọdún tí àwọn mẹ́rin yòókù lò, tí òfin pàṣẹ pé kí sẹ́nétọ̀ wá síwájú àwọn tó rán an níṣẹ́ kó ka ohun tó ṣe fún wọn. Bí ó bá wá, ó ṣeun. Bí kò bá wá, kò jẹ̀bi lójú òfin. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa wà l'Abùjá, ọjà Èjìòkú sì jìnnà sí ọjà Wuse.

Lẹ́yìn 2011, ìṣèlú Fọlárìn di ìrìn àjò lọ sí ilé gómìnà. Ní 2015, ó díje lábẹ́ PDP, ó ṣe ipò kẹrin lẹ́yìn Ajímọ̀bí, Ládọjà àti Alao-Akala. Ó kọjá sí APC, ó padà sí àga sẹ́nétọ̀ ní 2019. Wọ́n fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí lílo ọjà àti òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí òfin 2010 tó ní kí àwọn ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì máa lo ohun tó bá ti wà ní ilé. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò kọ̀. Àmọ́ ní ẹkùn wa, epo pupa la ní. Lẹ́yìn náà ló tún jáde fún gómìnà ní 2023; ó gba ìbò 256,685, Ṣèyí Mákindé gba 563,756. Bí sẹ́nétọ̀ tó ti ní ìgbà mẹ́ta lọ́wọ́ ṣe kúrò lórí àkàsọ̀ nìyẹn, tí ẹni tuntun sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ́dún kan náà.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí èèyàn fẹ́ ṣe gómìnà. Abíọ́lá Ajímọ̀bí náà ṣe sẹ́nétọ̀ fún Gúúsù Ọ̀yọ́ láti 2003 sí 2007 kó tó di gómìnà ní 2011. Ohun tí a ń wí ni pé àwọn olóṣèlú wa ń rí àga sẹ́nétọ̀ bí ìdúrókọ̀, ibi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ tó ń lọ sí ilé gómìnà ní Agodi. Ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ kì í kọ́lé sí ìdúrókọ̀. Ní Àríwá Ọ̀yọ́, Fatai Buhari ti wà níbẹ̀ láti 2015, ìgbà rẹ̀ kẹta ló ń lò. Ní Benue, David Mark lo ogún ọdún, mẹ́jọ nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ilé. Kí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn sọ ohun tí wọ́n jẹ níbẹ̀; èsì wọn kò ní dọ́gba. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tí wọ́n lè bi.

Àwọn kan ti ń sọ pé kí òfin fi òpin sí i, kí sẹ́nétọ̀ má lò ju ìgbà méjì lọ, bíi ti ààrẹ àti gómìnà. A kò sí lára wọn. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwa ará oko ni yóò kọ́kọ́ pàdánù, nítorí pé àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú ńlá kò nílò àgbà kí ọ̀rọ̀ wọn tó dé Abùjá. Wọ́n ní nọ́ńbà fóònù mínísítà. Ẹni tó ń ta gààrí ní Ìyànà Ọ̀fà ló nílò ẹnì kan tó ti pẹ́ níbẹ̀, tó mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn àti ìgbà tí wọ́n ń kàn án.

Síbẹ̀, ẹni tó bá rò pé pípẹ́ nìkan ti tó, kó wo Amẹ́ríkà kan náà. Strom Thurmond ti South Carolina pé ọgọ́rùn-ún ọdún sórí àga, ní oṣù kejìlá 2002, kí ó tó lọ sílé ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin yẹn kan náà ló dúró fi wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 18 sọ̀rọ̀ ní 1957 kí òfin ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú má bàa jáde. Pípẹ́ rẹ̀ kò wẹ ìyẹn. Dianne Feinstein ti California kú sórí àga ní 2023, ní ẹni ọdún 90. Lọ́dún náà ni àìsàn gbé e jókòó sílé fún oṣù bíi mélòó kan tí ìgbìmọ̀ tó wà kò fi lè parí iṣẹ́. Robert Byrd lo ọdún 51 fún West Virginia, ìpínlẹ̀ olókè tó ń wa èédú. Ó fa owó wálé gan-an, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ọ̀nà, afárá àti ilé ìwé káàkiri. Ìpínlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lára àwọn tó tálákà jù ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tí a kọ sára afárá yẹn dùn ún rò ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ẹ wo kànga ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ fún wa, iná olóòrùn tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n pín lọ́jọ́ ìrónilágbára. Fọ́tò àti orúkọ olóṣèlú á gba ìdajì ara rẹ̀. Owó ìjọba àpapọ̀ ni. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nínú ìsúnná fún iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn ni, tó fi jẹ́ pé láti 2019 ni àjọ ICPC ti ń lọ káàkiri orílẹ̀-èdè láti wò ó bóyá iṣẹ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fi owó rẹ ra àgbò, tó wá fún ọ ní ẹsẹ̀ kan, kì í ṣe pé ó ṣàánú rẹ.

Kí a tó dá olóṣèlú lẹ́bi tán, kí a wo tiwa náà. A mọ ìdí kan tí wọn kò fi ń wá. Bí sẹ́nétọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kan nínú abúlé wa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní pé tí ẹnì kan yóò fi mú ìwé owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ jáde, òmíràn á ní òkú ìyá òun wà ní mọ́ṣúárì, onílù á ti dẹ́nu oríkì, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin á ti rán aṣọ kan náà. Bí ó bá fi máa wọ ọkọ̀, ó ti ná owó, kò sì sí ẹni tó bi í nípa òfin kankan. Ohun tí a ń bi wọ́n ló ń sọ irú èèyàn tí wọ́n máa jẹ́ fún wa. Àpò ìrẹsì là ń bi, àpò ìrẹsì ni wọ́n ń kó wá.

Ohun tó yẹ ká máa bi pọ̀. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ tó gba Ẹ̀gbẹ́dá àti Aṣéjirẹ́ kọjá, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ọ̀nà Mọníyà sí Ọ̀yọ́, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Kì í ṣe alága káńsù la ó bi nípa wọn. Ilé ìwádìí IITA wà lórí ilẹ̀ Akínyẹlé láti 1967; irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣe jáde níbẹ̀ ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ó yẹ kí ẹnì kan l'Abùjá lè ṣàlàyé fún àgbẹ̀ Ìjàyè ìdí tí ó fi ń ná owó wá igi ẹ̀gẹ́ tó dára nígbà tí ó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ó yẹ kí a bi í nípa gààrí tó wọ́n lónìí tó sì di ẹ̀tù lọ́la, nípa màlúù tó ń jẹko olóko, nípa ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Èkó wá sí Mọníyà láti 2021, bóyá yóò gbé iṣu wa lọ tàbí èrò nìkan. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí ni iṣẹ́ sẹ́nétọ̀. Kànga kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń mu ún.

Ohun kan wà tí a kì í sọ síta ní Ìbàdàn. Ilé wà, oko wà. Ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé Àkànràn yóò sọ fún ọ pé òun ní agboolé ní Ọjàba tàbí ní Òjé, oko ni òun wà. Ilé ni wọ́n ti ń jẹ Mọ́gàjí, ilé ni wọ́n ń gbé òkú lọ, ilé ni òṣèlú ti ń ṣẹlẹ̀. Oko ni ibi tí a ti ń kórè tí a sì ń rù ú lọ sílé. Láàárín àwa fúnra wa, kò sí èébú nínú ìyẹn. Bí ìlú wa ṣe rí nìyẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àmọ́ àwọn olóṣèlú náà ti kọ́ ọ. Wọ́n ń wá sí Lágelú kórè ìbò, wọ́n ń rù ú lọ. Nígbà tí irè náà bá délé, ta ni yóò tún bi oko léèrè?

Àwọn bàbá wa kò gbà bẹ́ẹ̀ fún wọn. Adégòkè Adélabú, olóṣèlú Ìbàdàn, kò pẹ́ rárá. Ní 1958 tí ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ẹni ọdún 42 ni, àkókò tó lò nínú ìṣèlú kò tó ti Fọlárìn. Àmọ́ ó ti wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Máíyégún, àwọn àgbẹ̀ tó dìde nígbà tí ìjọba òyìnbó ń gé igi kòkó wọn lulẹ̀ nítorí àrùn, ó sì mọ̀ wọ́n ní orúkọ. Ọmọ ìlú ni; oko mọ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ológun gba ìjọba tí kò sí aṣòfin kankan tí àgbẹ̀ lè sunkún sí lọ́rùn, owó orí ń gorí, owó kòkó ń rẹlẹ̀, àwọn akọ̀wé káńsù ń fìyà jẹ wọ́n. Ní oṣù kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ rìn lọ sí gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn. Bí Àgbẹ́kọ̀yà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Táfà Adéoyè àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní apá Àkànràn kò padà sílé títí di 1969, tí wọ́n já ẹ̀wọ̀n Agodi, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì wá bá wọn jókòó, tí owó orí fi wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, a kò sì gbàdúrà kí irú rẹ̀ tún wáyé. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé àwọn tó wà ní ilé kò gbọ́ ohùn oko títí tí oko fi rìn dé ilé.

Lónìí, a kò nílò ìbọn. Ìwé òfin Nàìjíríà, ní abala 69, sọ pé àwọn olùdìbò lè pe sẹ́nétọ̀ wọn padà. Kí ó tó ṣeé ṣe, ó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà lọ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, lẹ́yìn èyí ni INEC, àjọ elétò ìdìbò, yóò ṣètò ìdìbò láàárín 90 ọjọ́. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye ní Kogi ní 2018: ìbuwọ́lù 189,870 ni wọ́n kó jọ, 18,742 péré ni INEC rí pé àwọn tó ni ín fúnra wọn jẹ́wọ́. Ojú ọ̀nà yẹn há. Ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ lọ, kó mọ̀ pé ọ̀tá sẹ́nétọ̀ ló sábà máa ń ṣe é, kì í ṣe àgbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń béèrè kéré púpọ̀, ó sì rọrùn. Ìwé òfin kan náà, ní abala 63, sọ pé ó kéré tán, ilé aṣòfin àgbà gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ 181 lọ́dún. Bí a bá mú un kúrò nínú 365, 184 ló kù. Nínú 184 yẹn, mọ́kànlá là ń tọrọ. Kí sẹ́nétọ̀ yan ọjọ́ kan fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́dún, kó kéde rẹ̀ ní rédíò tí àgbẹ̀ ń gbọ́, Amúlùdùn tó wà ní Mọníyà yẹn gan-an ti tó, kó sì wá sí ọjà, tàbí ilé ìwé, tàbí abẹ́ igi, kì í ṣe gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì ní Bodija tí wọ́n ti ń yẹ orúkọ wò lẹ́nu ọ̀nà. Kó mú ìwé dání tó to gbogbo iṣẹ́ àkànṣe tí ìsúnná kọ sí orúkọ ẹkùn wa, pẹ̀lú iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan àti abúlé tó wà, kí wọ́n kà á sókè ní Yorùbá. Kó má pín owó lọ́jọ́ náà. Àwa náà, kí a má tọrọ. Kí àwọn baálẹ̀ rí sí i pé onílù kò gba ọjọ́ náà mọ́ wa lọ́wọ́.

A kọ èyí sí Sẹ́nétọ̀ Akíntúndé tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́, a sì kọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba ìbò wa ní 2027, kó jẹ́ ti APC, kó jẹ́ ti PDP, kó jẹ́ ti ẹgbẹ́ tí kò tíì ní orúkọ. Ẹni tó bá ṣe é, kó lo ìgbà méjì, kó lo mẹ́ta, kó lo mẹ́rin bí ẹ̀mí bá gùn. A ó máa dìbò fún un, a ó sì máa fi ipò àgbà rẹ̀ yangàn. Ẹni tí kò bá ṣe é ní ọdún àkọ́kọ́, kí a má ṣe dá a padà nítorí pé ẹgbẹ́ wa ló ti wá, tàbí nítorí pé ọmọ agboolé kan náà ni wá.

Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà ní ẹkùn wa. Oṣù 12 ló wà nínú ọdún.